Orúkọ Gígùn Tí A Pè ní Sokodé

Àtìní, ọjọ́ kẹfà oṣù Múhárámù. Kambolé

Alúfàá ni bàbá mi. Kò bí ọkùnrin, ló bá kọ́ mi ní kíkọ. Bébà tó ṣẹ́ kù nídìí àpò ìwé rẹ̀ ló fún mi, ó ní kí n má fi ṣòfò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ṣòfò. Ohun tí mo bá rí, mo kọ ọ́. Kò séwu – nínú ilé yìí, èmi nìkan ni mo mọ̀wé.

Ìyáálé mi, Àbẹ̀ní, kò mọ álífù. Lẹ́nu, "Ìyá mi" ni mò ń pè é, bó ṣe yẹ kí ìyàwó kékeré máa pe ìyáálé. Nínú ìwé yìí, Alágídí lorúkọ rẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìròyìn òní: ìránṣẹ́ ọba dé àdúgbò wa. Àwọn Jámánì ti yan gómìnà tuntun, olórí gbogbo ilẹ̀ yìí, láti etí òkun títí dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ó ń bọ̀ ní Sokodé. Wọ́n ti ń ro pápá ńlá kan sílẹ̀ dè é, wọ́n ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan kó olórin rẹ̀ wá. Ti Kambolé – àwa obìnrin onígbá, àwa tí à ń kọ wákà níbi ìgbéyàwó àti níbi wòlímọ̀. Ta ni yóò ṣáájú? Ẹnikẹ́ni ò bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Alágídí ń sá iṣu lọ́wọ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Mi ò dé Sokodé rí. Mo fẹ́ lọ, mo fẹ́ lọ.

Àtàláátà, ọjọ́ keje

Mo ti mọ ìdí tí Alágídí kò fi jiyàn. Torí Sàídù ni, ọkọ wa.

Oṣù kọkànlá rèé. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ni wọ́n kó ní àdúgbò wa lọ síbi iṣẹ́ ojú irin, níhà gúúsù. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n sọ. Òjò ọdún kan ti rọ̀ dá, wọn ò dé. Ebè tí Sàídù ì bá kọ, èmi àti Alágídí la kọ ọ́. A ò mọ̀ ọ́n kọ. Iṣu ọdún yìí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka.

Alágídí pe gbogbo wa jọ lábẹ́ igi òrí. Ó ní, "Ohun tí ẹnu wa ò lè sọ fún ọba, orin wa lè sọ ọ́. Ọba kì í bínú sí orin. Ohun tí a bá sì fi orin tọrọ níwájú èrò, ojú á ti ọba láti ní òun ò fún wa." Pé a ó kọ́kọ́ ki gómìnà dáadáa, a ó gbé e gẹṣin aáyán. Lẹ́yìn náà la ó tọrọ àwọn ọkùnrin wa.

Ọgbọ́n gidi. Ó dùn mí pé èmi kọ́ ni mo ronú kàn án.

Àlàrúbà, ọjọ́ kẹjọ

A lu igbá títí òrùka fi gé mi lọ́wọ́. Ó ní à ń lù ú bí ẹní ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹsàn-án

Orin ti délẹ̀. Ẹsẹ Sàídù ló ṣáájú. Alágídí kì í, ó ki bàbá rẹ̀, ó ki bí ó ṣe ń rìn bọ̀ láti oko tí á máa wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí aya rẹ̀ lè gbé omi sílẹ̀. Mo ṣebí èmi nìkan ni mo mọ ikọ́ yẹn! Lẹ́yìn rẹ̀ ló wá kan àwọn mẹ́jọ yòókù.

Sàdíátù bú sẹ́kún nígbà tó kan Dàda. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré ló lò nílé ọkọ kí wọ́n tó mú Dàda lọ. Ìyá Àníkẹ́ kò sunkún ní tirẹ̀. Sùlè nìkan lọmọ tó kù fún un láyé. Ó kàn ní òun á bá wa rìn dé Sokodé. A ní orúnkún ńkọ́? Ó ní orúnkún ta ni, ṣé tiwa ni?

Ohùn Alágídí – kí n sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó ń ka ìwé yìí. Bó bá gbé e sókè, ara mi á bù máṣọ. Bí mo bá rántí pé òun náà ló ń sọ fún mi pé ọbẹ̀ mi ò ní iyọ̀, ara á tún padà balẹ̀.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Ọjọ́ àjẹyó. Ẹni tí kò bá yó lónìí, wọ́n ní kò ní yó títí ọdún á fi yí po. A pa adìyẹ méjì. Alágídí bu ti Sàídù sọ́tọ̀ sínú àwo rẹ̀, ó dé e. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn. Nígbà tí oúnjẹ náà bá tutù, á gbé e fún aládùúgbò, á ní kí wọ́n bá ọkọ òun jẹ ẹ́.

Ọ̀la la ó gbéra.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá. Tchamba

Obìnrin mẹ́rìnlá, bàbá arúgbó méjì tó ń ṣọ́ wa. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a dé. Ìyá Àníkẹ́ ló kọ́kọ́ dé, èmi ni mo kẹ́yìn. Kí wọ́n má bi mí.

Àláàdì, ọjọ́ kejìlá. Tchamba

A sinmi. Ìlú yìí gbọ́ èdè mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, obìnrin tó ta ẹ̀wà fún mi fi mẹ́ta dá mi lóhùn. 

Ṣítù oníyọ̀, ọmọ Kambolé tó ń ná ọjà ìhà gúúsù, rí wa nídìí kànga. Ó pe Alágídí sẹ́yìn. Wọ́n dúró díẹ̀. Nígbà tó padà, ó ti bọ́jú. Mo bèèrè. Ó ní Ṣítù kí gbogbo wa. Mo ní ṣé kò rí àwọn ọkọ wa lọ́hùn-ún? Ó ní ó rí wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Ó bọ́ yẹtí rẹ̀. Ó ní ó wúwo jù fún ìrìn. Kò jẹun ọ̀sán, kò jẹ tìrọ̀lẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ a tún orin kọ – ẹsẹ Sàídù kò sí níbẹ̀ mọ́! Láti orí oríkì gómìnà, ó fò tààrà sórí Sùlè. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ gbàgbé." Ó ní òun ò gbàgbé, pé orin a máa yí padà. Yí padà báwo? Torí rẹ̀ la ṣe ń rin ìrìn yìí! Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ìyàwó, sùn."

Àtìní, ọjọ́ kẹtàlá. Ojú ọ̀nà

Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Òun náà ò bá mi sọ̀rọ̀. Eruku nìkan ló bá wa sọ̀rọ̀.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹrìnlá. Sokodé

A wọ̀ sọ́dọ̀ Ìyá Jàríátù, àbúrò ìyá mi, ní àdúgbò Komah, nítòsí mọ́ṣáláṣí. Ilé rẹ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìlú kún. Àwọn ẹlẹ́ṣin Tem, àwọn tó ni ìlú, ń kọjá, a ò rí ẹsẹ̀ ẹṣin, aṣọ ti bò ó. Àwọn Hausa ń ta góòrò lójú ọ̀nà. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mò ń bínú.

Ìyá Jàríátù po làálì fún wa, ó gbé tìróò jáde. Gbogbo wa ṣe ojú, a ṣe ọwọ́. Alágídí kọ̀. Aṣọ funfun lásán ló yọ nínú ẹrù, kò sí ìlẹ̀kẹ̀, kò sí yẹtí. Ìyá Jàríátù ní, "Níwájú gómìnà ńkọ́?" Ó ní ohùn òun ni gómìnà á gbọ́. Ìgbéraga! Á lọ dúró níwájú ayé bí obìnrin tí kò lọ́kọ, àwa á wá dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó múra jù ú lọ.

Àlàrúbà, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Sokodé

Kí n tò ó kí n má gbàgbé.

Pápá náà fẹ̀ ju oko ẹni méjì lọ. Èrò – mi ò mọ̀ pé Ọlọ́run dá ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Láti àdúgbò Kouloundè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wọ́ bọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àwọn ọmọdé gun igi, igi ń kígbe.

Àwọn ẹlẹ́ṣin Tem ló ṣí i. Wọ́n sá eré bọ̀ wá bá àwọn òyìnbó tààrà, mo di ojú. Ibi tó kù díẹ̀ kí wọ́n tẹ ènìyàn pa, gbogbo ẹṣin dúró lẹ́ẹ̀kan. Kàkàkí dún lẹ́yìn wọn, ó gùn ju ẹni tó ń fọn ún lọ. Mo pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ. Ìyá Àníkẹ́ pariwo jù mí lọ.

Àwọn ará Tchamba jó. Wọ́n jó dáadáa. Mi ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ sọ, aládùúgbò wa ni wọ́n.

Lẹ́yìn náà, àwọn ṣọ́jà onífèrè idẹ tí wọ́n kó wá láti etíkun. Ọmọ wa ni gbogbo wọn, dúdú bí èmi. Fèrè kan lọ́ po bí ìfun àgbò. Òyìnbó kan tó sanra, onírùngbọ̀n, tí idẹ bo èjìká rẹ̀, dojú kọ wọ́n, ó ń fi igi pẹ́ńpẹ́ gún afẹ́fẹ́. Mo ní ta ló fẹ́ nà? Kò na ẹnì kankan. Ó gbé igi sókè, orin sókè. Ó rọ igi sílẹ̀, orin rọlẹ̀. Ó dá ọwọ́ dúró báyìí, ogójì ọkùnrin pa ẹnu dé. Orin náà kò jọ tiwa rárá, kò sí ibi tí ènìyàn lè ti ju ìdí, síbẹ̀ omi bọ́ lójú mi. Mi ò mọ ohun tí mò ń sunkún sí. Ó kàn dára ni.

Ó wá kàn wá. Àṣìṣe ńlá la sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ní tiwa, ọba ni ẹni tí gbogbo ènìyàn ń wo ọwọ́ rẹ̀. A ti rí ẹni tí gbogbo ènìyàn ń wo ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo wa wọ́ lọ síwájú onírùngbọ̀n yẹn, a kúnlẹ̀, a gbórin. Gómìnà, olórí ilẹ̀! Ọkùnrin náà pọ́n bí osùn, ó ń fi igi rẹ̀ tọ́ka sí ọ̀nà ibòmíràn. A ṣebí ó ń darí wa. A gbé orin sókè sí i.

Àjàyí ògbufọ̀ ló sá wá. Ọmọ Ànàgó ni, láti ìhà etíkun, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tiwa ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ dákun, olórí onífèrè nìyẹn!" Gómìnà ni ọkùnrin gíga kan tó wọ aṣọ funfun, tó ti dìde lórí àga láti ìgbà àwọn ẹlẹ́ṣin, tó ń bá baálẹ̀ kan rẹ́rìn-ín. Ọba wo ló ń dìde fún baálẹ̀? Ẹ̀rín ń pa á báyìí, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó rẹwà, kí n má purọ́.

Ìtìjú ì bá pa mí. Alágídí kò kánjú. Ó dìde, ó gbọn eruku lórí eékún, ó yí wa padà, ó kó wa lọ síwájú gómìnà gan-an, ó sì tún orin náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan la kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ lónìí! Aṣọ funfun lásán, ọwọ́ òfìfo, ohùn yẹn sì gba gbogbo pápá. Àwọn Tem tí wọn ò gbọ́ èdè wa gbe ègbè. Àwọn onífèrè ń mi orí. Mo lu igbá, mi ò bínú sí ẹnì kankan láyé.

Gómìnà bi Àjàyí pé kí là ń wí. Àjàyí sọ fún un pé à ń kí i, a sì ń tọrọ àwọn ọkùnrin wa tí ìgbà wọn ti pé lẹ́nu iṣẹ́ ojú irin. Gómìnà ronú. Ó ní inú òun dùn lónìí, nítorí náà, kí olórin dárúkọ ẹnì kan, òun á dá a sílẹ̀. Ẹnì kan péré. Akọ̀wé tẹ́ ìwé.

Ojú obìnrin mẹ́rìnlá – mi ò fẹ́ rántí. Ìyá Àníkẹ́ di aṣọ Alágídí mú lẹ́yìn. Sàdíátù fọwọ́ bo ẹnu. Èmi ń pè é nínú: Sàídù, ẹ wí i, Sàídù, ẹ wí i.

Alágídí kúnlẹ̀. Ó di ojú. Ó fi ohùn oríkì pè é, láìmí: "Sùlè Dàda Àjàní Ìsá Bùráímọ̀ Làmídì Gàríbà Múmúní, ọmọ Kambolé."

Ó pa ẹnu dé. Mẹ́jọ. Mo ń retí ìkẹsàn-án. Kò wá.

Akọ̀wé gbé kálàmù sókè, ó ní ṣé ẹnì kan ni gbogbo ìyẹn? Gómìnà wo Àjàyí. Àjàyí gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké, òógùn bò ó. Ohun tó fi èdè Jámánì wí, òun ló padà sọ ọ́ fún wa: "Ọ̀gá, orúkọ ọkùnrin Ànàgó a máa gùn. Bàbá á sọ ọ́, ìyá á sọ ọ́, àwọn òbí àgbà á sọ ọ́, kò sí èyí tí a lè yọ." Ṣé irọ́ ni? Èmi fúnra mi ní márùn-ún. Gómìnà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀, ó tẹ òǹtẹ̀ sí i.

Wọ́n gbé wa lọ́rùn dé Komah. Gbogbo wọn ń jó. Èmi ò jó.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹrìndínlógún. Sokodé

Mo bi í lójúkojú. Ẹ pe ti gbogbo ayé, ẹ yọ ti ọkọ yín? Ó ní èémí òun ò gbé e mọ́. Irọ́. Obìnrin tó kọrin láti Àsùbáà dé ìyálẹ̀ta!

Mo ní mo mọ ìdí rẹ̀: torí pé èmi ni Sàídù fẹ́ràn jù ni, ó sàn fún un kó má wálé ju kó wá sùn ní yàrá mi. Gbogbo ilé gbọ́. Ìyá Jàríátù na ọwọ́ pé òun á gbá mi létí. Alágídí ní kó fi mí sílẹ̀. Ó ká ẹní rẹ̀, ó lọ kírun.

Àtìní, ogúnjọ́. Kambolé

A délé. Alágídí kò bu oúnjẹ Sàídù sọ́tọ̀ lónìí. Èmi ni mo bù ú.

Jímọ̀, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Sáfárì

Kò sí nǹkan kan. Ebè. Ebè. Ebè.

Àlàmísì, ọjọ́ keje

Bàbá mi ránṣẹ́ pé òun gbọ́ ohun tí mo sọ fún ìyáálé mi ní Sokodé, kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mi ò lọ. Alágídí ń kọ ebè níwájú mi, òun kọ mẹ́ta kí èmi tó kọ ọ̀kan. Ó ti rù.

Àtàláátà, ọjọ́ kejìlá

Wọ́n dé.

Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ kígbe lójú ọ̀nà Tchamba. Mẹ́jọ. Gbogbo àwọn mẹ́jọ! Wọ́n gbẹ bí igi ìdáná, àmọ́ wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn. Ìyá Àníkẹ́ kò lè dìde, Sùlè ló wá dọ̀bálẹ̀ sórí itan rẹ̀. Sàdíátù sá pa mọ́ sẹ́yìn ilé, ojú ń tì í, ó ti gbàgbé ojú ọkọ.

Dàda ló ń sọ ọ́ bó ṣe rí. Pé wọ́n ka ìwé gómìnà ní àgọ́. Olúkúlùkù gbọ́ orúkọ tirẹ̀, olúkúlùkù jáde. Òyìnbó ibẹ̀ wo ìwé, ó wo ọkùnrin mẹ́jọ, ó tún wo ìwé. Ó bèèrè èwo nínú wọn ni ẹni náà. Wọ́n ní àwọn ni. Ta ló fẹ́ dá ìwé padà lọ bi gómìnà pé ṣé kò mọ̀ ọ́n kà? Ó ní kí gbogbo wọn kúrò níwájú òun. Gbogbo àdúgbò fi ẹ̀rín wó lulẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ojú mi ń wo ẹ̀yìn wọn lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọ́ wá sí ilé wa. Mo ṣebí ọpẹ́ ni. Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò wọlé. Sùlè gbé ẹrù kékeré kan sílẹ̀ níwájú mi. Ẹ̀wù Sàídù ni, tí mo fọwọ́ ara mi rán.

Ọjọ́ kejìlá oṣù tó ṣáájú oṣù Iléyá. Ibà ni. Sùlè ló wẹ̀ ẹ́, Dàda ló ṣáájú ìrun sí i lára. Oṣù mẹ́ta géérégé lónìí. A ti pa àgbò Iléyá lórúkọ ẹni tó wà nínú ilẹ̀.

Mo ké. Mo wo Alágídí, kò ké. Ó ti gbálẹ̀ yàrá, ó ti tẹ́ ẹní méjì sí i, láti ìgbà tí àwọn ọmọdé ti kígbe lójú ọ̀nà. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ó mọ̀.

Tchamba ni. Ìdí kànga. Ṣítù ló sọ fún un.

Ó ní, "Ìyàwó, opó kì í jáde kọrin. Bí mo bá la ẹnu ní Tchamba, èmi àti ìwọ á wọlé lọ́jọ́ náà, àwọn yòókù á sunkún padà sílé. Ta ni ì bá pe àwọn mẹ́jọ? Èmi nìkan lohùn mi dé ọ̀dọ̀ gómìnà. Mo ti bẹ Ọlọ́run nípa rẹ̀. Ìwọ lo kù tí mo fẹ́ bẹ̀."

Òun ló ń bẹ̀ mí. Èmi!

Bàbá mi wá, ó ka ọjọ́ fún wa. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó ń jókòó láti ọjọ́ ikú. Ó ní oṣù mẹ́ta ti lọ nínú rẹ̀, ó ku oṣù kan àti ọjọ́ mẹ́wàá. Fún èmi, ọjọ́ kìn-ín-ní nìyí. Fún ìyáálé mi, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ti fi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lóun nìkan, lójú ọ̀nà, nínú oko, níwájú gómìnà, èmi sì ń bá a jà.

A ti wọlé. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ó dúró títí ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin yẹn fi jìnnà, kó tó sunkún. Ohùn tó gba gbogbo pápá Sokodé, mi ò gbọ́ ọ níbi tí mo jókòó sí. Mo wọ́ ẹní mi súnmọ́ tirẹ̀, mo di Àbẹ̀ní mú.